Ọ́síjìn sẹ́ńsọ̀ F-150 mi ti lẹ̀ mọ́ páìpù, kò jáde, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Alẹ́yin Lálúpọn:
Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ìnáwó epo. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ dá mi lóhùn kíákíá, torí ọkọ̀ tí mo fi ń jẹun ló wà nílẹ̀ yìí.

Ford F-150 ni, ti 2002, ẹ́ńjìnnì V8 4.6. Michigan ni ẹ̀gbọ́n mi ti lò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó fi ránṣẹ́ sí mi. Òun ni mo fi ń kó ẹyin láti Lálúpọn wá sí Bódìjà, tí mo bá ń padà màá kó oúnjẹ adìyẹ. Ó tó oṣù méjì báyìí tí iná chẹ́kì ẹ́ńjìnnì ti tàn, látìgbà yẹn epo ti ń lọ bí omi, ìrìn tí 20 lítà máa ń gbé mi lọ gbé mi bọ̀ ti di 27, ìgbà míì 28, èéfín ẹ̀yìn ọkọ̀ sì ń rùn bíi pé èèyàn da pẹtiróòlù sílẹ̀. Mo gbé e lọ bá ráwáyà, ó fi sìkánà wò ó, P0135 ló gbé jáde, ó ní ọ́síjìn sẹ́ńsọ̀ iwájú lápá ọ̀tún ni, ẹ̀rọ kékeré tó ń wo ọ́síjìn inú èéfín, pé ohun tó ń mú un gbóná nínú ti kú.

Mo ti ra tuntun. Ti àtijọ́ ni ò jáde. Mẹkáníìkì mi wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó fi fúláàtì sípánà 22 mú un, ó fà á, ó fi páìpù gùn ún lọ́wọ́, ó tún fà á, sípánà yọ̀ ó fi ọwọ́ gbá férémù. Èmi náà fi tọ́ọ̀ṣì wò ó. Igun méjì nínú igun mẹ́fà tó ní ti dán bí ìdí ìkòkò, ibi tó ti wọ inú páìpù ti dógùn-ún pupa débi pé o ò lè mọ ibi tí irin kan parí sí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀.

Ó wá ní kò sọ́gbọ́n míì ju ká gé katalíìsì, àpótí tó ń fọ èéfín lábẹ́ ọkọ̀, tòun ti sẹ́ńsọ̀ dànù, ká jó páìpù gbalasa mọ́ ọn, òun á tiẹ̀ bá mi ra ohun tó wà nínú katalíìsì yẹn. Mo ní kó dúró ná. Ẹ̀yin tó ti bá irú ẹ̀ pàdé, báwo lẹ ṣe yọ ọ́?

Ráwáyà Mókọ́lá:
Ẹ kú ìrọ́jú ọ̀gá. Kẹ́ ẹ tó máa bá irin jà, ṣé P0135 nìkan ló jáde? Fíúsì kan náà ló sáábà ń gbé iná fún gbogbo àwọn sẹ́ńsọ̀ yẹn, mẹ́rin sì ni V8 yín ní, méjì níwájú katalíìsì, méjì lẹ́yìn. Tó bá jẹ́ fíúsì ló jó, kì í ṣe ẹyọ kan lá máa ké. Ẹ wo wáyà ẹ̀ náà bóyá eku ti gé e tàbí ó ti fara kan páìpù gbígbóná. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì wáyà ẹ̀, wáyà méjì tí àwọ̀ wọn bára mu ni ti ohun tó ń mú un gbóná, ẹ fi mítà sí i. Tí mítà ò bá ka nǹkan kan rárá, ó ti já nínú, kò sí àtúnṣe, ẹ pààrọ̀ ẹ̀.

Alẹ́yin Lálúpọn:
P0135 nìkan ni o. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe é báyìí bẹ́ ẹ ṣe wí, fíúsì dáa, wáyà ò já. Mítà ò ka nǹkan kan lórí ti àtijọ́, ó ka bíi 6 lórí tuntun. Ó ti kú lóòótọ́ nìyẹn.

Ọmọ Yemẹtù, Chicago:
Bọ̀dá, gbàrà tẹ́ ẹ ti dárúkọ Michigan ni mo ti mọ̀. Iyọ̀ ni. Níbí tí yìnyín bá ti bọ́, iyọ̀ ni wọ́n máa ń dà sójú títì kó lè yọ́, odindi oṣù mẹ́ta mẹ́rin ni omi iyọ̀ yẹn á fi máa ta sí abẹ́ ọkọ̀, páìpù èéfín ló sì máa ń jẹ nínú ẹ̀ jù torí ó ń gbóná ó ń tutù, ó ń gbóná ó ń tutù, lójoojúmọ́. Ọkọ̀ tó bá jẹ́ ìlú olóoru ló ti wá, sẹ́ńsọ̀ ẹ̀ á yọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Tiwa níbí, ìjà ni. Mo ní truck kan tó jẹ́ ti 1999, ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi yọ ẹyọ kan.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi fúláàtì sípánà kàn án mọ́, òun ló jẹ igun yẹn. Àwọn sọ́kẹ́ẹ̀tì sípánà tí wọ́n là lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí wáyà lè gbabẹ̀ kọjá náà, tó bá le báyìí ẹnu wọn máa ń ṣí, wọn á tún jẹ igun tó kù. Níwọ̀n ìgbà tó ti kú, ẹ gé wáyà ẹ̀ sún mọ́ orí, kẹ́ ẹ wá fi sọ́kẹ́ẹ̀tì jíjìn 22 tó jẹ́ onígun mẹ́fà dé e lórí pátápátá, kì í ṣe onígun méjìlá o. Ẹ fi òòlù gbá a wọlé tí kò bá fẹ́ wọ̀, ìyẹn gan-an dáa, ó máa ń ti ìdógùn-ún yẹn jì. Ibi tí mo ti jèrè jù ni pé kí n tó tú u, mo kọ́kọ́ dè é díẹ̀, bí ìdá kan nínú mẹ́jọ àyípo. Ohun tó dógùn-ún pọ̀, bó bá ti mì síhìn-ín kó mì sọ́hùn-ún, ó ti di tiyín.

Dẹ́rẹ́bà Òjòó:
Ẹ̀yin náà ń da ara yín láàmú. Ẹ gé wáyà ẹ̀ kẹ́ ẹ fi síbẹ̀, mọ́tò á rìn. Tèmi ti tó ọdún kan báyìí.

Bàbá Onímọ́tò Abẹ́òkúta:
Ọmọ mi, á rìn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń lọ lábẹ́ ẹ̀ torí ọ̀rọ̀ yìí máa ń dùn mí. Sẹ́ńsọ̀ yẹn ló ń fi afẹ́fẹ́ ìta wé èéfín tó ń jáde, tí ọ́síjìn inú èéfín bá kéré ó fi nǹkan bí 0.9 fóòtì ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà, tó bá pọ̀ ó já wá sí 0.1, lójú ẹsẹ̀ ni kọ̀ǹpútà máa ń fi ìyẹn bu epo kù tàbí kó fi kún un. Ẹ̀rọ yìí kì í sì í ṣiṣẹ́ tó bá tutù, ó gbọ́dọ̀ gbóná tó nǹkan bí 300 sẹ́ńtígíréèdì, ìdí tí wọ́n fi ki iná sínú ẹ̀ nìyẹn. Tí iná yẹn bá kú, tàbí tẹ́ ẹ gé wáyà, kọ̀ǹpútà ń fojú bu epo ni, ó sì máa ń bù ú jù kí ẹ́ńjìnnì má baà jìyà. Epo tí ò jó tán á wá lọ máa jó nínú katalíìsì, á mú un gbóná kọjá ààlà títí inú ẹ̀ á fi yọ́ dí páìpù. Ìgbà yẹn ni wọn á wá sọ fún yín pé ẹ́ńjìnnì ti rẹ̀. Látọdún 1976 ni Volvo ti ń lo èyí tí Bosch ṣe, kì í ṣe ohun tí wọ́n kàn fi dárà sí ọkọ̀.

Alẹ́yin, ẹni tó ní òun á bá yín ra ohun tó wà nínú katalíìsì, owó ló rí níbẹ̀. Platinum wà nínú ẹ̀. Ẹ má gbà.

Wẹ́dà Ṣágámù:
Ọ̀gá mi, iṣẹ́ mi nìyí, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa. Bí sọ́kẹ́ẹ̀tì tí bọ̀dá Chicago sọ ò bá mú un, gáàsì ló kù. Ṣùgbọ́n ẹ má fi epo kankan sí i lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi iná sí i. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lo epo tó ń wọ irin, alẹ́ àná ẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti fi í, kẹ́ ẹ jẹ́ kó sùn síbẹ̀, láàárọ̀ kẹ́ ẹ nù ún kúrò kó gbẹ kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́. Mo ti rí ibi tí iná ti gbá ọmọ iṣẹ́ lójú torí èyí.

Ẹ yọ orí bátìrì. Ẹ wo ibi tí páìpù epo àti ti bíréèkì gbà, kẹ́ ẹ fi páànù bo gbogbo ohun tó jẹ́ rọ́bà tàbí wáyà nítòsí, kẹ́ ẹ gbé garawa omi àti yanrìn sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ má fi jáàkì nìkan gbé ọkọ̀ tó wúwo báyẹn, ẹ fi sítáǹdì sí i. Ó kan iná wàyí. Sẹ́ńsọ̀ kọ́ lẹ máa fi iná sí o! Nọ́ọ̀tì tí wọ́n jó mọ́ ara páìpù, tí sẹ́ńsọ̀ wọ inú ẹ̀, òun lẹ máa yí iná ká títí á fi pọ́n bí ẹyìn ọ̀pẹ. Nọ́ọ̀tì yẹn á fẹ̀, ti inú ò tíì gbóná tó o, àlàfo díẹ̀ á yọ láàárín wọn. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti dé sọ́kẹ́ẹ̀tì lé e kẹ́ ẹ tì í jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Tó bá yí díẹ̀ tó tún gán, ẹ má fi ipá fà á, ẹ dá a padà sẹ́yìn, ẹ tún yọ iná sí i, ẹ tún fà á. Tẹ́ ẹ bá fi ipá yọ ọ́, gbogbo tírẹ́ẹ̀dì inú nọ́ọ̀tì ni yóò bá a jáde, ẹ óò wá máa wá ẹni tí yóò jó nọ́ọ̀tì tuntun mọ́ ọn.

Tó bá ti jáde, ẹ wá táàpù M18 1.5, irin tí wọ́n fi ń la tírẹ́ẹ̀dì, kẹ́ ẹ fi fọ tírẹ́ẹ̀dì inú nọ́ọ̀tì.

Ìyá Àkúrẹ́ Onípíkọ́ọ̀pù:
Mo fẹ́ fi èyí kún un torí mo ti jìyà ẹ̀. Ẹ má fi ọwọ́ kan orí sẹ́ńsọ̀ tuntun, ẹ má sì jẹ́ kí gọ́ọ̀mù sílíkónì tàbí gírísì débẹ̀, á kú ni. Tí ohun dúdú bíi gírísì bá ti wà lára tírẹ́ẹ̀dì ẹ̀ látinú páálí, ó tó, ẹ má fi kún un. Ẹ rí i pé sọ́kẹ́ẹ̀tì wáyà ẹ̀ bá ti ọkọ̀ mu, kí ráwáyà má baà sọ pé òun máa gé e òun máa fi léèdì so ó, torí inú wáyà yẹn ni afẹ́fẹ́ ìta ti ń wọ inú ẹ̀, tẹ́ ẹ bá fi léèdì dí i kò ní mí dáadáa. Ọwọ́ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi yí i wọlé títí kó tó kan sípánà.

Alẹ́yin Lálúpọn:
Ẹ̀yin ará mi, Ọlọ́run á bù kún yín, ó ti jáde!

Ẹ jẹ́ kí n ròyìn ẹ̀. Mo fi epo sí i lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, láàárọ̀ Ẹtì mo nù ún. Mo gé wáyà, mo fi òòlù gbá sọ́kẹ́ẹ̀tì onígun mẹ́fà wọlé, a kọ́kọ́ dè é, kò mì. A fi gáàsì sí i lẹ́ẹ̀kan, kò mì. Ẹ̀ẹ̀kejì, nígbà tí nọ́ọ̀tì yẹn pọ́n dáadáa, ó dún "káá", ẹ̀rù bà mí, mo rò pé ó kán ni, àṣé ó ti tú. Bí wẹ́dà ṣe wí la ṣe é, síwájú, sẹ́yìn, iná, síwájú, sẹ́yìn, ó tó ogójì ìṣẹ́jú. Nígbà tó bọ́ sílẹ̀ lórí yanrìn, orí ẹ̀ dúdú fúùfúù, èédú gbígbẹ bò ó, tírẹ́ẹ̀dì ẹ̀ méjì ti jẹ, ṣùgbọ́n ti inú nọ́ọ̀tì ò bàjẹ́. Táàpù la ò tètè rí, Gate ni ọmọ iṣẹ́ ti lọ rà á. Tuntun fi ọwọ́ yí wọlé títí dé ìdí.

Wọ́n pa kóòdù rẹ́, iná ò tíì tàn padà. Mo ti lọ Bódìjà lẹ́ẹ̀mejì, 21 lítà ni mo lò lọ́jọ́ kìíní, 20 lónìí, òórùn yẹn ti lọ. Katalíìsì mi wà níbi tó wà.

Ìbéèrè kan ló kù: ti apá òsì dógùn-ún bí èyí gẹ́lẹ́, ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Ṣé kí n máa fi epo sí i díẹ̀díẹ̀ láti ìsinsìnyí, àbí kí n fi í sílẹ̀ jẹ́ẹ́?

Ọmọ Yemẹtù, Chicago:
Ẹ kú oríire! Ẹ fi í sílẹ̀ títí yóò fi sọ̀rọ̀ fúnra ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ tọ́jú sọ́kẹ́ẹ̀tì àti táàpù yẹn, ẹ má yá ẹnikẹ́ni.