Lórí “híha àwo”: kí ni ọwọ́ DJ ń ṣe gan-an?

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí yín. Ọ̀kan nínú wa dábàá pé kí a máa pe síkíráàṣì, ìyẹn ohun tí àwọn DJ máa ń fi ọwọ́ ṣe sí àwo orin lórí ẹ̀rọ, ní “híha àwo”, nítorí pé ìró rẹ̀ jọ ti ìgbà tí èékánná bá ń ha nǹkan, àti pé bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe pè é náà nìyẹn. Mo mọrírì àbá náà, ṣùgbọ́n n kò lè fara mọ́ ọn: etí nìkan ló tẹ̀ lé, kò wo ọwọ́.

Àdúgbò Bronx ní New York ni nǹkan náà ti ṣẹ̀, ní nǹkan bí ọdún 1975. Theodore Livingston, tí ayé wá mọ̀ sí Grand Wizzard Theodore, kò tíì pé ọmọ ọdún 15 nígbà náà. Bí òun fúnra rẹ̀ ṣe máa ń sọ ọ́, ìyá rẹ̀ wá bá a wí nínú yàrá nítorí ariwo orin, ó sì fi ọwọ́ di àwo mú kí ó lè gbọ́ ohun tí ìyá ń wí. Bí ọwọ́ náà ṣe ń ti àwo lọ tó sì ń fà á bọ̀ lábẹ́ abẹ́rẹ́ ni ohùn kan ń jáde tó wù ú. Grandmaster Flash, DJ mìíràn ní Bronx, ti ń dá àwo padà sẹ́yìn ṣáájú, kí ibi tí ìlù ti dùn jù lè tún wáyé, àmọ́ kò fẹ́ kí àwọn oníjó gbọ́ ìdápadà yẹn rárá. Ohun tí Theodore ṣe ni pé ó jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ.

Kò sí ohun tó ń ha níbẹ̀. Inú ilà tóóró tí wọ́n gé sára àwo ni abẹ́rẹ́ wà, ohùn tí a ti gbà sílẹ̀ síbẹ̀ náà la sì ń gbọ́: bí ọwọ́ bá yá, ohùn á lọ sókè, bí ọwọ́ bá falẹ̀, á wálẹ̀, bí ìgbà tí onígángan bá ń fún ọṣán tó sì ń dẹ̀ ẹ́. Aṣọ pẹlẹbẹ kan wà lábẹ́ àwo tí kì í jẹ́ kí ẹ̀rọ dúró bí ọwọ́ bá di àwo mú. Ọwọ́ kejì ló ń ṣí ohùn tó sì ń pa á.

Nítorí náà, “àtìlọ-fàbọ̀” ni mo dábàá. Kí “híha” wà fún àwo tó ti bàjẹ́, tó ń fò. Ẹ sọ fún bàbá yín pé ẹ ha àwo Haruna Ìṣọ̀lá rẹ̀, kí ẹ wá wò ó bóyá yóò bi yín pé ṣé ó dùn.

Ohun tó ṣì ń dà mí láàmú ni ọ̀rọ̀-ìṣe. Nínú orin “Rockit” tí Herbie Hancock, olórin jáàsì ará Amẹ́ríkà, gbé jáde ní 1983, ọwọ́ DJ tó ń jẹ́ GrandMixer D.ST lórí àwo ń dáhùn láàárín àwọn ohun èlò orin yòókù, bí ohun èlò ló sì ṣe lò ó. A kò lè sọ pé ó “ta àwo” bí a ṣe ń ta gìtá, àwọn ènìyàn á rò pé ó ń tà á lọ́jà ni. Ṣé “ó ń ti àwo” tó, àbí kí a kúkú sọ pé “ó ń ṣe àtìlọ-fàbọ̀”?