Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé kí n kó àwọn ọmọ lọ wo ère Èsìẹ́?

Ìyá Bàráká, Ìlọrin: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Wọ́n ti gba ìsinmi, mo sì fẹ́ kó àwọn ọmọ lọ sí ìlú Èsìẹ́, ká lọ wo àwọn ère òkúta tó wà níbẹ̀, ká lọ láàárọ̀, ká padà kílẹ̀ tó ṣú. Àgbà kan nínú ẹbí ọkọ mi ní kí n má dán an wò, pé ojúbọ òrìṣà ni. Mi ò fẹ́ ṣàfojúdi sí wọn, àmọ́ ó ń dùn mí pé àwọn ọmọ yìí ń dàgbà ní Kwara láì mọ ohun tó wà ní Kwara. Kí ni kí n ṣe?

Ọmọ Òró: Ẹ wọ ọkọ̀ Òmù-Àrán, ẹ ó gba Àjàṣẹ́-Ìpo kọjá, kẹ́ ẹ sọ̀kalẹ̀ ní Òró. Ọ̀kadà á gbé yín dé Èsìẹ́. Ẹ gbé omi dání.

Bàbá Sùlú, Pàkátà: Ìyá Bàráká, ẹ má bínú sí bàbá yẹn, ìgbàgbọ́ yín ló ká wọn lára. Ṣùgbọ́n wíwò yàtọ̀ sí fíforíbalẹ̀. Àlùkùránì pàápàá ní ká rìn lórí ilẹ̀, ká wo àtubọ̀tán àwọn tó ti kọjá. Ẹ má kàn lọ lásìkò ọdún ère, nínú oṣù kẹrin, torí wọ́n ń bọ ọ́ nígbà náà. Ẹ fi yé bàbá bẹ́ẹ̀.

Tíṣà Ìtàn: Ẹ kó wọn lọ, ẹ jọ̀ọ́! Ère tó lé ní 1,000, òkúta ni wọ́n fi gbẹ́ gbogbo wọn. Ẹ ní káwọn ọmọ wo irun orí wọn dáadáa, kí wọ́n wo ilà ojú, kí wọ́n wo àwọn tó jókòó sórí àpótí, obìnrin wà nínú wọn tó mú idà lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó mọ àwọn tó gbẹ́ wọn títí dòní. Lọ́dún 1933 ni alábòójútó ilé-ìwé kan, H. G. Ramshaw, ròyìn wọn fún ìjọba; inú igbó ni wọ́n wà nígbà náà, orí ọ̀pọ̀ ti kán. Musíọ̀mù tí wọ́n dá sílẹ̀ fún wọn lọ́dún 1945 ni àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Inú mi kì í dùn tí mo bá rí ọmọ Ìlọrin tó mọ Lọndọnu lórí fóònù, tí kò mọ èyí.

Ọmọ Èsìẹ́: Lọ́dọ̀ wa, èèyàn ni wọ́n tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó di òkúta, wọ́n sì ní ọba láàárín wọn, Ọba Ère. Ẹ kìlọ̀ fáwọn ọmọ kí wọ́n má fọwọ́ kàn wọ́n, kí wọ́n má sín wọn jẹ. Ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó ya fọ́tò.

Ìyá Bàráká: Ẹ ṣeun, Ọlọ́run á san yín lẹ́san. Ṣé a lè ti ibẹ̀ kọjá sí ìtàkìtì omi Òwu?

Ọmọ Òró: Rárá o. Ọ̀wá-Kájọlà lọ́hùn-ún nìyẹn, ọjọ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Ìyá Bàráká: Mo ti ka ọ̀rọ̀ Bàbá Sùlú sí bàbá létí, mo sì ní kí wọ́n bá wa lọ. Wọ́n ní àwọn ò lè dúró pẹ́ lórí ìdúró, orúnkún ń dùn wọ́n.

Ọmọ Èsìẹ́: Ẹ fi ọjọ́ tẹ́ ẹ máa wá tó mi létí. Màá gbé àga wá fún bàbá láti ilé wa.