Ẹ gbà mí o: gíráǹtì lórí àwọn tí Ghana lé lọ́dún 1969

Olùkọ́ Ṣakí: Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará. Láti alẹ́ ọjọ́ Ajé ni mi ò ti foorun kan ojú. Àwa mẹ́ta la fẹ́ máa gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu àwọn tí ìjọba Busia, olórí ìjọba Ghana nígbà náà, lé kúrò ní Ghana, kí wọ́n tó kú tán. A ti rí mọ́kànlá ní Ṣakí àti Ògbómọ̀ṣọ́. Ìyá kan ṣì ní kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Kumasi, etí ìró ló so ó mọ́. Àwọn ará Ìlú Ọba tó ń fowó ran ìwádìí lórí ìṣípòpadà tipátipá (kí wọ́n fipá lé èèyàn kúrò níbi tó ń gbé) lọ́wọ́ ti gbà láti fún wa lówó ìbẹ̀rẹ̀, àmọ́ ọ́fíìsì tó ń rí sí owó ìwádìí níbi iṣẹ́ mi ń fòní dónìí, fọ̀la dọ́la. Akọ̀wé wọn ò tiẹ̀ gbójú sókè, gúgúrú ló ń jẹ. Epo mọ́tò tí mo ti jó kì í ṣe kékeré. Ṣé kí n kọ̀wé sí gíwá ni?

Ìyá Ìbejì: Ẹ pẹ̀lẹ́. Bàbá mi wà lára wọn, Tamale ni wọ́n ti ń ta aṣọ. Ọjọ́ mẹ́rìnlá péré ni wọ́n fún ẹni tí kò bá ní ìwé àṣẹ ìgbélùú. Gbogbo àwìn tí wọ́n tà, ibẹ̀ ló kú sí. Maṣínnì ìránṣọ kan ni wọ́n gbé délé, òun lèmi fi kọ́ṣẹ́. Kò ṣiṣẹ́ mọ́, àmọ́ mi ò jẹ́ tà á.

Ọmọ Ẹjìgbò: Ẹ kọ ọ́ jàre! Gúgúrú! Ẹ yà sí Ẹjìgbò náà o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Àbíjáǹ ni tiwa.

Ẹ̀gbọ́n Àgbà: Kí gan-an ni ọ́fíìsì ní kẹ́ ẹ mú wá? Èló lowó ọ̀hún? Ta lẹnì kẹta yín? Irú owó yìí wà fún ìpàdé, ọkọ̀ àti títú ìwé àtijọ́, kẹ́ ẹ lè fi wá èyí tó tóbi jù ú lọ. Kì í ṣe owó oṣù o.

Lọ́yà Ìbàdàn: Ṣé èyí tiẹ̀ jẹ́ ìṣípòpadà tipátipá? Wọ́n kàn ní kí ẹni tí kò níwèé máa lọ ni.

Ẹ̀gbọ́n Àgbà: Ẹni tí wọ́n fún ní ọ̀sẹ̀ méjì kó fi ìlú tí wọ́n bí i sí sílẹ̀, ẹ ní kò sípá ńbẹ̀? Oṣù Kẹsàn-án 1969 ni OAU, àjọ ìṣọ̀kan àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà ìgbà náà, ṣe àdéhùn lórí àwọn asásálà. Oṣù Kọkànlá ni Ghana lé èèyàn.

Lọ́yà Ìbàdàn: Asásálà ni wọ́n kọ síbẹ̀, wọn ò kọ oníṣòwò. Àwa náà sì lé wọn ní 1983, àbí ẹ ti gbàgbé ibi tí àpò Ghana-Must-Go ti gba orúkọ?

Olùkọ́ Ṣakí: 8,000 pọ́ùn ni. Mi ò fi owó oṣù sí i. 1983 wà nínú àbá wa, ìdí nìyẹn tí ará Ghana fi jẹ́ ẹnì kẹta. Lẹ́tà tí òun fọwọ́ sí ni ọ́fíìsì ń béèrè. Ẹ ò rí ìyọnu?

Ẹ̀gbọ́n Àgbà: Kí ló dé tí kò fọwọ́ sí i?

Ìyá Ìbejì: Bóyá ara rẹ̀ ò yá.

Olùkọ́ Ṣakí: Ẹ̀gbọ́n, ọjọ́ méjì ló kù kí wọ́n ti ètò náà, iná ò sì sí. A pàdé níbi àpérò kan ní Accra ní 2019, a jọ jẹ kenkey, ó ní a ó jọ ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kan. Mo bá kọ orúkọ rẹ̀ sí i. Mo ní tí wọ́n bá fún wa, mà á sọ fún un. Àwọn olówó ló kọ́kọ́ kí i kú oríire. Lálẹ́ ọjọ́ Ajé ló wá bi mí pé ta ni mí.

Lọ́yà Ìbàdàn: Háà! Ẹ fi orúkọ olórúkọ gbowó, ẹ tún ń wá gíwá?

Ọmọ Ẹjìgbò: Mo kó ọ̀rọ̀ mi jẹ o.

Olùkọ́ Ṣakí: Owó ò tí ì dọ́wọ́ mi, lọ́yà.

Ẹ̀gbọ́n Àgbà: Ẹ pè é, ẹ má fi WhatsApp ṣe. Ẹ bẹ̀ ẹ́ ná. Kó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ apá tirẹ̀, kí ìpín rẹ̀ nínú owó sì hàn sójú ìwé. Tó bá kọ̀, ẹ tètè sọ fáwọn olówó kí òun tó sọ.

Olùkọ́ Ṣakí: Mo ti pè lẹ́ẹ̀mejì, kò gbé e. Èló lẹ rò pé ó tó fún un?

Ìyá Ìbejì: Ìyá oníkọ́kọ́rọ́ ńkọ́? Kí lẹ ti ṣèlérí fún wọn?