“=0A” ló ń jáde nínú ímeèlì ẹgbẹ́ wa dípò ìlà tuntun

Akọ̀wé Ẹgbẹ́: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ètò kékeré kan tí wọ́n fi PHP, èdè ìkọ-ètò kọ̀ǹpútà, kọ ló ń bá wa fi ìkéde ìpàdé ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ránṣẹ́. Ohun tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń rí nìyí:

=E1=BA=B8 k=C3=BA i=E1=B9=A3=E1=BA=B9=CC=81=0A

Gbogbo ọ̀rọ̀ á lẹ̀ pọ̀ gbàgìdì. Àwọn àgbà inú wọn ti ń bẹ̀rù pé àwọn gbájúẹ̀ ló wà nídìí ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ṣíṣe?

Àlàbí: Ẹ kàn pa gbogbo “=” rẹ́ kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́.

Ìyá Ìbejì: Àlàbí, rárá o! Tí “=” bá lọ, E1BAB8 ló máa kù, ta ló máa ka ìyẹn? Quoted-printable nìyẹn, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà di lẹ́tà fún ímeèlì; ó wà nínú RFC 2045, ìwé ìlànà ímeèlì ti ọdún 1996. Ọ̀nà ímeèlì àtijọ́ kò gba ju lẹ́tà ASCII lọ (lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì tí kò ní àmì, nọ́ńbà àti àwọn àmì díẹ̀), bẹ́ẹ̀ Ẹ wa yìí nìkan gba báìtì mẹ́ta, ìyẹn ẹyọ ìwọ̀n tí kọ̀ǹpútà fi ń pa ọ̀rọ̀ mọ́. Wọ́n wá ń di báìtì kọ̀ọ̀kan tí kò sí nínú ASCII sí “=” pẹ̀lú àmì méjì. Akọ̀wé, ẹ ṣí ọ̀kan nínú Gmail, ẹ tẹ “Show original”. Kí ló wà níwájú Content-Transfer-Encoding, ìlà tó ń sọ bí wọ́n ṣe di lẹ́tà?

Akọ̀wé Ẹgbẹ́: 8bit ni mo rí, mà.

Ìyá Ìbejì: Ibẹ̀ ló ti wọ́ wá. 8bit ń sọ pé wọn ò di nǹkan kan. Wọ́n di ẹrù, wọn ò sọ fẹ́ni tó gbà á pé kó tú u. Ẹ yí i sí quoted-printable.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Ó ku kinní kan o. CR àti LF, àmì méjì tí ojú kì í rí, papọ̀ ló ń parí ìlà nínú ímeèlì. Tí PHP bá rí méjèèjì pọ̀, quoted_printable_encode, àṣẹ rẹ̀ tó ń di lẹ́tà, á fi ìlà sílẹ̀ bó ṣe wà. LF tó bá dá wà ló ń sọ di =0A. Ẹ kọ́kọ́ ṣe èyí, kí gbogbo ìparí ìlà lè di CR àti LF papọ̀:

$oro = preg_replace('/\R/u', "\r\n", $oro);

Ẹ má yọ “u” yẹn o, kó má lọ ka báìtì kan nínú lẹ́tà sí ìparí ìlà.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́: Ọlọ́run á san yín lóore! Ìlà ti já gaara, àmì ohùn sì pé. Àmọ́ mo ṣì ń rí “=” kan ṣoṣo níparí àwọn ìlà kan nínú “Show original”.

Ìyá Ìbejì: Ẹ fi í sílẹ̀. Ìlà kan kò gbọdọ̀ ju àmì 76 lọ níbẹ̀. “=” yẹn ń sọ pé ìlà ò tíì parí, ẹni tó ń ka lẹ́tà yín kò ní rí i.