Ìyípadà ojú ọjọ́ tàbí ìmóoru ayé: èwo ni ká kọ fún àgbẹ̀?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ o.

Ẹni tó kọ̀wé ṣáájú mi ní ká pa "ìyípadà ojú ọjọ́" tì, ká máa lo "ìmóoru ayé" nínú ìwé tí a fẹ́ kọ fún àwọn àgbẹ̀ nípa ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "climate change". Òótọ́ ni pé ti àkọ́kọ́ kò péye. Ti òní ni a ń pè ní ojú ọjọ́: oòrùn lè ràn láàárọ̀, kí òjò rọ̀ lọ́sàn-án. Bí a bá sọ fún àgbẹ̀ pé ojú ọjọ́ ń yí padà, yóò bi wá pé ìgbà wo ni kì í yí. Bẹ́ẹ̀, nǹkan bí ọdún 30 ni àwọn onímọ̀ fi ń wo òjò àti ooru ibì kan kí wọ́n tó sọ bó ṣe máa ń rí.

Ṣùgbọ́n "ìmóoru ayé" kò lè dá ẹrù yìí gbé. Ooru ń ṣọṣẹ́ lóòótọ́. Bó bá kọjá nǹkan bí 35 lórí òṣùwọ̀n Celsius nígbà tí àgbàdo ń yọ ìrùkẹ̀rẹ̀, lẹ́búlẹ́bú orí rẹ̀ lè kú, hóró kò sì ní kún ṣùkù. Òjò wá ńkọ́? Bí afẹ́fẹ́ bá fi ìwọ̀n Celsius kan gbóná sí i, omi tó lè gbà yóò fi nǹkan bí ìdá 7 nínú 100 lé sí i. Ìdí nìyẹn tí òjò fi ń rọ̀ lárọ̀ọ̀rọ̀dà tó bá dé, tí ilẹ̀ sì ń tètè gbẹ bí kò bá dé. Ohun kan náà ló ń fa àgbàrá àti ọ̀dá, ta ni yóò sì gbọ́ "ìmóoru" kó ronú kan àgbàrá?

"Ìyípadà ìṣesí ojú ọjọ́" ni mo fara mọ́. Ẹni tó bínú lọ́jọ́ kan kò tíì di oníbìínú. Ohun tí a mọ̀ mọ́ èèyàn ni ìṣesí rẹ̀. Bó bá gùn jù fún àkọlé, ẹ jẹ́ kó gùn.

Èyí tó ń dùn mí jù ni "ìfaradà", tí àwọn kan fi ń pe iṣẹ́ àgbẹ̀ tó sún ọjọ́ ìgbìn síwájú, tó wá irúgbìn tó ń tètè gbó, tó fi koríko bo ilẹ̀ kí omi má baà fà. Ẹni yẹn kò fara dà nǹkan kan, ó ń gbéjà ko ìṣòro ni. Ṣé a lè pè é ní "ìmúradè", àbí ẹ ní èyí tó dáa jù?