Àbọ̀ ìbéèrè mi: ẹ̀kọ́ títún rédíò ṣe ti padà

Ẹ̀yin ará mi, mo bèèrè lọ́wọ́ yín bí a ṣe lè rí ẹ̀kọ́ àti àwòrán wáyà rédíò àtijọ́ tí a fi ń kọ́ àwọn ọmọṣẹ́ ní Dùgbẹ̀, kí ìkànnì íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n wà lórí rẹ̀ tó kú. A ti rí i!

Wayback Machine ti Internet Archive, ibi ìpamọ́ ẹ̀dà àwọn ojú ìwé íńtánẹ́ẹ̀tì àtijọ́, tó ṣí fún gbogbo ayé ní 2001, ló tọ́jú rẹ̀. Ìmọ̀ràn kan ló ṣílẹ̀kùn: mo kọ web.archive.org/web/*/, mo fi àdírẹ́sì ìkànnì náà tẹ̀ lé e, mo sì fi /* parí rẹ̀. Gbogbo fáìlì tó wà nípamọ́ tò jáde, títí kan àwọn PDF. Àwòrán tó sọnù nínú ẹ̀dà kan, mo rí i nínú ẹ̀dà ọdún mìíràn. Ẹ má gbára lé ẹ̀dà ìkẹyìn o. Nígbà mìíràn, ìpolówó ẹni tó ra àdírẹ́sì náà lẹ́yìn ikú ìkànnì lẹ máa bá níbẹ̀.

Fídíò kò sí, ó sì dùn mí gan-an.

Mo ti tẹ ìyókù sórí bébà fún àwọn ọmọṣẹ́. Ẹ̀yin àgbà tó dá mi lóhùn, ẹ ṣeun, a dúpẹ́ púpọ̀. Ìbéèrè mi parí.