Lẹ́yìn tí iná bá tàn: ohun tí ojú wa rí níbi ìwòran fíìmù àti ìjíròrò lórí ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ nítorí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti jókòó síbi tí wọ́n ti ń fi fíìmù han aráàlú lọ́fẹ̀ẹ́, tí wọ́n á sì ní ká dúró jíròrò lórí ohun tí a wò. Ẹ jọ̀ọ́, kí kálukú sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi ṣíwájú.

Fíìmù tí mo wò lálẹ́ ọjọ́ kan dá lórí àwọn ayálégbé tí wọ́n lé jáde nílé. Ó dára gan-an. Nígbà tó parí, tí wọ́n tan iná, gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Obìnrin kan tó jókòó níwájú mi ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ètè rẹ̀ sì ń gbọ̀n, ó hàn pé ó ní nǹkan án sọ. Àfi bí wọ́n ṣe pe ọ̀jọ̀gbọ́n kan sórí pèpéle. Bàbá yẹn mọ̀wé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó sọ̀rọ̀ títí àwọn èèyàn fi bẹ̀rẹ̀ sí í dìde lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó sọ ti òfin, ó sọ ti ètò ọrọ̀ ajé, ó sọ ti ìwé tó kọ. Ìgbà tí wọ́n fi máa ní ó ku ìbéèrè díẹ̀, obìnrin náà ti gbé báàgì rẹ̀, ó ti lọ. Ó ṣì ń dùn mí pé a ò gbọ́ tẹnu rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yẹn ló mú mi dara pọ̀ mọ́ àwọn tó ń ṣètò irú nǹkan báyìí. Ohun tí mo sì máa ń jà fún níbi ìpàdé wa kò yí padà: ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn ni kó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. A kì í fárí lẹ́yìn olórí. Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ilé, kí ayálégbé ṣáájú lọ́yà. Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn, kí ẹni tí wọ́n dá padà lẹ́nu ọ̀nà ṣáájú dókítà. Àwọn onímọ̀ wúlò púpọ̀, mi ò kó iyán wọn kéré, ṣùgbọ́n ìdáhùn ni wọ́n wá fún wa, ó sì yẹ ká ti gbọ́ ìbéèrè ná.

A kì í to àga bíi ti kíláàsì mọ́. A máa ń tò ó yípo, kí ojú lè kojú. Atọ́kùn wa náà kì í béèrè pé "Báwo lẹ ṣe rí fíìmù yìí sí?" nítorí tó bá ti béèrè bẹ́ẹ̀, àwọn èèyàn á máa sọ pé orin rẹ̀ dùn, pé ẹni tó ṣe ìyá mọ eré ṣe. Ohun tó máa ń béèrè ni pé, "Ta lẹ rí níbẹ̀ tó jọ ẹni tí ẹ mọ̀?" Ẹnikẹ́ni ò ní fọhùn fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹnì kan á ní, "Ẹ̀gbọ́n mi ni." Ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Àwọn kan ti ṣe irú rẹ̀ tipẹ́, níbi tó le ju tiwa lọ. Lọ́dún 1968, Fernando Solanas àti Octavio Getino, àwọn aṣefíìmù ọmọ Ajẹntínà, parí fíìmù La hora de los hornos, nígbà tí àwọn ológun ń ṣèjọba nílùú wọn. Ó lé ní wákàtí mẹ́rin. Ìkọ̀kọ̀ ni wọ́n ti ń fi í han àwọn òṣìṣẹ́ àti akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n sì ṣe é lọ́nà tí wọ́n á fi lè dá ẹ̀rọ dúró láàárín, kí àwọn tó ń wò ó sọ tinú wọn, kí wọ́n tó máa bá a lọ. Ẹni tó bá lọ síbẹ̀ mọ̀ pé wọ́n lè wá kó òun, síbẹ̀ ó lọ. Àwọn ni mo máa ń rántí nígbà tí ẹnì kan bá ní ká fo ìjíròrò torí pé àkókò ti lọ.

* * *

Ẹ ṣeun tí ẹ dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni mí, wọ́n sì máa ń pè mí wá sọ̀rọ̀ lẹ́yìn fíìmù tó bá jẹ mọ́ ìlera obìnrin. Èyí tí mi ò lè gbàgbé ni ọjọ́ tí wọ́n fi Moolaadé hàn, èyí tí Ousmane Sembène, ọmọ Sẹ̀nẹ̀gà, ṣe lọ́dún 2004. Dídá abẹ́ fún ọmọbìnrin ló dá lé: àwọn ọmọdébìnrin kan sá, wọ́n lọ forí pamọ́ sọ́dọ̀ obìnrin kan tí kò gbà kí wọ́n ṣe é fún ọmọ tirẹ̀. Ìwé ni Sembène ń kọ tẹ́lẹ̀. Nígbà tó rí i pé ọ̀pọ̀ àwọn tí òun ń kọ ọ́ fún kò lè kà á, ó bọ́ sídìí sinimá, ó ní ilé ẹ̀kọ́ alẹ́ ni.

Tọkùnrin tobìnrin ló wà níbẹ̀. Mo mọ̀ pé tí a bá ní kí ẹni tó ní ìbéèrè nawọ́, ọwọ́ kan ò ní gbéra, torí irú ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ohun tí obìnrin á sọ lójú àna rẹ̀. Nítorí náà, kí wọ́n tó pa iná, a ti pín bébà kéékèèké àti pẹ́ńsùlù fún gbogbo èèyàn. Ẹni tí kò ní ìbéèrè á fa ìlà sórí tirẹ̀, á ká a, á sì jù ú sínú páálí bíi ti àwọn tó kù, kí ẹnikẹ́ni má baà mọ ẹni tó kọ nǹkan. Ọmọbìnrin kan wà lẹ́yìn tó ń bá àwọn tí kò mọ̀wé kọ tiwọn.

Páálí yẹn kún. Bébà kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé igun rẹ̀ lọ́hùn-ún ni wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sí, wínníwínní, pẹ́ńsùlù náà kò sì hàn dáadáa. Mo ní láti gbé e súnmọ́ iná: "Wọ́n ṣe é fún mi. Mo rí ìyà nígbà tí mo ń bímọ. Ṣé òun ló fà á?" Mo kà á sókè. Mo dáhùn pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun, torí ojú àpá kì í nà bíi ti ara tó kù, ó lè mú kí ìrọbí pẹ́, kí ẹ̀jẹ̀ sì ya ju bó ṣe yẹ lọ. Mo tún sọ fún wọn pé lọ́dún 2024, UNICEF sọ pé iye ọmọbìnrin àti obìnrin tó wà láyé lónìí tí wọ́n ti ṣe é fún lé ní mílíọ̀nù 230. Mo fẹ́ kí ẹni tó kọ ọ́ mọ̀ pé kì í ṣe òun nìkan.

Bàbá àgbàlagbà kan ló dìde lẹ́yìn ìyẹn. Mo rò pé ó fẹ́ jà ni. Ó ní ìyàwó òun fẹ́rẹ̀ẹ́ kú sórí ìkúnlẹ̀, kò sì sẹ́ni tó sọ fún òun rí pé dídá abẹ́ àti ìnira ìbímọ lè tan mọ́ra. Ó ní kí n tún un ṣàlàyé, kí n má kánjú. Mo tún un ṣàlàyé látòkè délẹ̀, bàbá náà sì dúró lórí ìdúró títí mo fi parí.

Ẹ̀yin tó bá máa ṣe irú rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kéde ṣáájú pé ìran tó le wà nínú fíìmù náà, ẹ má ti ìlẹ̀kùn pa, kí ẹ sì wá ẹni tó lè jókòó ti ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá dàrú.

* * *

Tèmi ò gùn. Èmi ni mo máa ń to ẹ̀rọ. Tí owó ò bá ká gbogbo nǹkan, ẹ ná an sórí ohùn. Àwọn èèyàn á fara da àwòrán tí kò mọ́lẹ̀ tó, ṣùgbọ́n tí wọn ò bá gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, wọ́n á dìde. Ẹ dán ohùn wò kí èrò tó dé, kí ẹ sì gbé e sókè díẹ̀ tí gbọ̀ngàn bá ti kún, torí èrò máa ń gba ohùn mì. Tó bá jẹ́ fíìmù elédè mìíràn, ẹ wá ògbufọ̀, ẹ má gbára lé ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sísàlẹ̀ àwòrán nìkan.

Ti àṣẹ ńkọ́? Pé ẹ ra fíìmù kò sọ pé ẹ lè fi í han èrò. Ẹ kọ̀wé sí ẹni tó ni ín, àwọn mìíràn máa ń yọ̀ǹda rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Netflix gbà kí wọ́n fi àwọn fíìmù rẹ̀ kan kọ́ni láìgba kọ́bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. 13th tí Ava DuVernay ṣe lọ́dún 2016 lórí ọgbà ẹ̀wọ̀n àti àwọn aláwọ̀ dúdú l'Amẹ́ríkà wà lára wọn.

Èyí tó kù ni ti máìkì. Ẹ má fi lé òǹwòran lọ́wọ́. Kí ọ̀dọ́ kan bá a dì í mú sí ẹnu. Ẹni tó bá ti gba máìkì mọ́wọ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í tán bọ̀rọ̀.

* * *

Àwọn kan máa ń bi wá pé, "Ẹ wo fíìmù, ẹ sọ̀rọ̀, lẹ́yìn náà ńkọ́?" Ó tọ́ kí wọ́n béèrè. Ẹ wo ti Pàkísítàn. Sharmeen Obaid-Chinoy ṣe fíìmù A Girl in the River lọ́dún 2015, lórí ọmọbìnrin kan tí bàbá rẹ̀ yìnbọn fún tó sì jù sínú odò nítorí pé ó fẹ́ ẹni tó wù ú. Ó yè é. Òfin ìgbà yẹn fàyè gba pé tí ẹbí bá ti dárí ji ọ̀daràn, ó lè lọ lómìnira. Lóṣù kejì ọdún 2016, wọ́n fi fíìmù náà hàn ní ọ́fíìsì olórí ìjọba, ó sì gba àmì ẹ̀yẹ fíìmù Oscar l'Amẹ́ríkà lóṣù yẹn kan náà. Nígbà tó di oṣù kẹwàá, ilé aṣòfin ṣe òfin tuntun pé ìdáríjì ẹbí kò lè gba apànìyàn bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀wọ̀n mọ́. Kì í ṣe fíìmù nìkan ló ṣe é o. Àwọn obìnrin ibẹ̀ ti ń jà fún un tipẹ́, ìpànìyàn mìíràn tún wáyé lọ́dún náà tó bí gbogbo ìlú nínú. Ṣùgbọ́n fíìmù wà lára ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà dé iwájú ẹni tó lágbára.

Ètò tí èmi wà níbẹ̀ dá lórí àwọn tó ń fọṣọ, tó ń dáná, tó ń tọ́jú ọmọ nílé onílé. Olóṣèlú kan wá, ó ya fọ́tò, ó sì lọ kí ìbéèrè tó bẹ̀rẹ̀. Inú bí mi gan-an. Ohun tó ṣe wá láǹfààní ni tábìlì tí a gbé sẹ́nu ọ̀nà, níbi tí lọ́yà kan jókòó sí lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ń ṣàlàyé Àdéhùn 189 tí ILO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, fọwọ́ sí lọ́dún 2011: pé òṣìṣẹ́ inú ilé ní ẹ̀tọ́ sí ìsinmi wákàtí 24 léraléra, ó kéré tán, lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, pé ó yẹ kó mọ iye owó àti iṣẹ́ rẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀. Ó tún ń sọ èyí tó wà nínú òfin ìlú àti èyí tí kò tíì sí níbẹ̀.

Ọmọbìnrin kan yọ ìwé ìkọ̀wé kan jáde, èèpo rẹ̀ ti ya. Oṣooṣù ló ti ń kọ owó tí wọ́n jẹ ẹ́ sínú rẹ̀, ó kọ ọjọ́, ó kọ ohun tí ọ̀gá rẹ̀ sọ nígbà tó béèrè. Ó ń tijú láti fi í hàn, torí ó rò pé láìsí ìwé tí ọ̀gá fọwọ́ sí, òun ò ní ẹ̀rí. Lọ́yà náà ṣí i ní ewé kọ̀ọ̀kan, ó ní, "Ẹ̀rí rè é. Má jẹ́ kó sọnù o." Ìwé yẹn ni wọ́n fi béèrè owó náà. Ọ̀gá rẹ̀ ti san apá kan, wọ́n ṣì ń bá a fa èyí tó kù.

* * *

Èmi wà lára àwọn tí wọ́n máa ń pè wá sọ ìtàn ara wọn lẹ́yìn fíìmù, mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin olùṣètò gbọ́ èyí. Ẹ fi fíìmù náà hàn wá ṣáájú ọjọ́ náà, kó má jẹ́ pé àárín èrò ni a ti máa kọ́kọ́ rí i. Ẹ sọ fún wa ohun tí ẹ fẹ́ béèrè. Tí ẹnì kan bá ní kí n ṣàlàyé bí wọ́n ṣe lù mí, atọ́kùn ló yẹ kó dá a dúró, ẹ má jẹ́ kó jẹ́ èmi ni màá máa bẹ̀bẹ̀. Inú mi máa ń dùn tí wọ́n bá bi mí pé kí ló yẹ kí ìjọba ṣe, torí mo ti ronú lé e lórí púpọ̀, kò sì wọ́pọ̀ kí wọ́n bi mí. Ẹ bi mí nípa òfin. Ẹ bi mí nípa àgọ́ ọlọ́pàá, ohun tí wọ́n yẹ kí wọ́n ti ṣe nígbà tí mo débẹ̀. Tí ẹ bá sì fún onímọ̀ ní owó ọkọ̀ àti ohun ìdúpẹ́, ẹ fún àwa náà. Iṣẹ́ la wá ṣe níbẹ̀.